Ìjayà ara ọmọdé nígbà tí túùbù bá ń wọ ọ̀nà èémí: ẹ jẹ́ ká kó ọgbọ́n jọ

Nọ́ọ̀sì Sábó · Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará tíátà, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ wà láàárín wa. Nọ́ọ̀sì akunilóorun ni mí, Ìkòròdú níbí ni mo ń gbé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin ni, kílò mẹ́rìndínlógún. Ìpá ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Ara rẹ̀ le, kò wúkọ́, kò ní àrùn ọkàn. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 108 ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 94 lórí 56. Mo fún un ní fentanyl, oògùn ìrora tó lágbára, mo fi propofol tó ń kunni lóorun tẹ̀ lé e, mo fún un ní oògùn tó ń dẹ iṣan. Dókítà iṣẹ́ abẹ ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ń sọ pé jẹnẹrétọ̀ là ń lò, epo inú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Mo gbé laryngoscope, irin tí a fi ń wo ọ̀fun, mo wo ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, mo ki túùbù. Mọ́nítọ̀ tó ti ń ké jẹ́ẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹsẹ̀ ẹni tí ajá ń lé. 171. Ìfúnpá 139 lórí 92. Ó tó ìṣẹ́jú méje kó tó rọlẹ̀.

Ọmọ náà jí, ó mu omi, ó béèrè bàtà rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé nírọ̀lẹ́. Kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà wo ìwé tí mo kọ àkókò sí, ìṣẹ́jú kan péré ló wà láàárín fentanyl àti irin. Èmi ni mo kánjú. Bó bá jẹ́ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ lábùkù ńkọ́?

Kí ni ẹ̀yin ń ṣe kí ara ọmọ má baà jà báyìí? Ohun tí a lè rí lò ní agbègbè wa níbí ni mo ń béèrè o.

Ìyá Àríkẹ́ · 9:31 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, mò ń tajà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ka èyí. Ọmọ tó ti sùn, kí ló dé tí ara rẹ̀ tún ń jà? Ṣé ó ń jẹ̀rora tí kò lè sọ ni? Àríkẹ́ mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ bèlúbèlú lóṣù tó ń bọ̀.

Màmá Tíátà, Ìgbógbó · 10:02 alẹ́

Nọ́ọ̀sì Sábó, ọmọ mi, o ṣé tí o sọ òtítọ́. Ẹlòmíì á rí 171, á kọ 130 sínú ìwé, á sì lọ jẹun.

Ìyá Àríkẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí oorun bá jinlẹ̀ dáadáa, ọmọ kò mọ ohunkóhun. Ara rẹ̀ ló mọ̀. Ẹ rántí ọjọ́ tí omi gba ọ̀nà òdì lọ́fun yín. Ojú á pọ́n, omijé á dà, àyà á máa lù kìkìkì, ẹ ò sì ní kó máa lù. Ọlọ́run fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà èémí kí nǹkan àjèjì má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀ṣọ́ náà kì í tètè sùn. Irin tí a fi ń wo ọ̀fun á gbé ìdí ahọ́n sókè, túùbù á fọwọ́ kan inú gògóńgò, iṣan á ròyìn fún ọpọlọ, ọpọlọ á sì ní kí wọ́n da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ọkàn ti ń sáré, ẹ̀jẹ̀ ti ru. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kó tó padà sípò.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń pè é ní "ìtagìrì ara". Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ létí ìyá ọmọ. Gìrì ló máa gbọ́. Ojú mi ló ṣe nígbà tí obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tó gbé e sẹ́yìn, tó sì ń lọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan yìí. "Ìjayà ara" ni kí ẹ máa wí.

Nísinsìnyí, Nọ́ọ̀sì. Oògùn ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Fentanyl tí o fún un kò tíì dé ibi tó ń lọ nígbà tí irin rẹ ti dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ló ń gbà kí agbára rẹ̀ tó pé. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé tó bá ti wọlé, mo máa pe aago sókè kí gbogbo tíátà gbọ́: "Fentanyl wọlé, mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá!" Mo sọ fún dókítà pé mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni mo máa wọlé. Tí o bá ti dárúkọ aago, kò sẹ́ni tó tún máa kán ọ lójú. Àkókò yẹn ni mo fi ń fún ọmọ ní ọ́síjìn, tí mò ń tún orí rẹ̀ ṣe, tí mo ń wò ó bóyá oorun jinlẹ̀.

Orí yẹn ṣe pàtàkì. Orí ìkókó tóbi tí a bá fi wé ara rẹ̀. Tí o bá fi ìrọ̀rí sí i lábẹ́ bíi ti àgbàlagbà, ọrùn á tẹ̀ síwájú, o ò ní rí nǹkan kan, wàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin fa ọ̀fun ọmọ. Mo máa ń ká aṣọ ìnura kékeré bí ẹ̀kọ tí a pọ́n sínú ewé, abẹ́ èjìká ni mo ń fi sí. Ọ̀nà á là gbọọrọ.

Bó ṣe pẹ́ tó tí irin fi wà lẹ́nu náà ló ń pinnu bí ara á ṣe jà tó. Tí mo bá ti kà dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí n kò rí ọ̀nà, mo máa yọ ọ́, mo máa fún ọmọ ní ọ́síjìn, mo máa tún orí ṣe kí n tó padà. Ìyára ọwọ́ yàtọ̀ sí ìkánjú.

Dókítà Akunilóorun, ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ · 10:40 alẹ́

Màmá ti sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1940 ni Reid àti Brace ti kọ̀wé lórí bí fífọwọ́kan ọ̀nà èémí ṣe ń dà ọkàn láàmú, ní 1951 King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi hàn pé laryngoscope nìkan tó láti mú ìfúnpá gòkè. Ẹ kíyè sí ọjọ́ orí irin wa náà: irin títọ́ ti Miller jáde ní 1941, èyí tó tẹ̀ ti Macintosh ní 1943. Irin tí a ń lò ti dàgbà ju gbogbo wa lọ níbí, ìwà ara sí i kò sì yí padà.

Fún ọmọ tí ara rẹ̀ le, ìjayà yìí máa ń kọjá láìfi àpá sílẹ̀, bíi ti ọmọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn tí mo ń bẹ̀rù fún ni ọmọ tó ní àrùn ọkàn, ọmọ tí omi pọ̀ lágbárí rẹ̀, ọmọ tí igi tàbí ìgò gún lójú tí ojú náà là, àti ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí a ò fẹ́ kí ọ́síjìn rẹ̀ dín, kí òtútù mú un, tàbí kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ rárá. Ti àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ "yóò rọlẹ̀ tó bá yá".

Iye tí mò ń lò, fún àwa òṣìṣẹ́ nìkan: fentanyl, máíkírógíráàmù 1 sí 2 fún kílò kan, mo sì máa ń tì í díẹ̀díẹ̀, nítorí tí o bá da á wọlé lójijì, àyà ọmọ lè le gbagidi tí atẹ́gùn ò fi ní wọlé. Tí fentanyl kò bá sí, lidocaine mílígíráàmù 1.5 fún kílò kan sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú irin. Kò lágbára tó fentanyl, ṣùgbọ́n ó ń dín ikọ́ kù. Propofol fún ọmọdé máa ń pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ tí a bá fi kílò wọ̀n ọ́n, mílígíráàmù 2.5 sí 3.5 fún kílò kan. Ketamine ń pa ìrora lóòótọ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ń mú ọkàn sáré. Bí ketamine nìkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, má retí pé mọ́nítọ̀ máa dákẹ́. Dexmedetomidine, oògùn mìíràn tó ń mú ara balẹ̀, dára púpọ̀ níbi tó bá wà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló yẹ kó fi máa wọlé, ó sì ń fa ọwọ́ ọkàn sẹ́yìn.

Halothane, gáàsì tí a fi ń kunni lóorun, ńkọ́? Ó ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ibi. Halothane máa ń jẹ́ kí adrenaline tètè gun ọkàn bí ẹṣin. Tí oorun bá fúyẹ́, tí èémí tí ọmọ ń mí jáde bá sì kóra jọ, ìlù ọkàn lè dàrú. Ẹni tó ń lo halothane kò gbọdọ̀ kánjú rárá.

Èyí tó tún ká mi lára jù: fún ìkókó, ẹ má wo ọkàn tó ń sáré nìkan. Ti ìkókó, ọkàn tó ń falẹ̀ ló léwu. Bí a bá fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, iṣan vagus lè fa ọkàn sẹ́yìn dípò kó lé e síwájú, bẹ́ẹ̀ ìkókó kò ní ọ̀nà mìíràn tó fi lè gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ju kí ọkàn máa lù kíákíá lọ. Suxamethonium, oògùn kan tó ń dẹ iṣan, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, pàápàá tí a bá fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fa atropine, oògùn tó ń mú ọkàn yára, sínú sírínjì kalẹ̀, máíkírógíráàmù 20 fún kílò kan.

Màmá Tíátà, Ìgbógbó · 10:58 alẹ́

Dókítà, ẹ ṣeun. Èmi, mo máa ń fún gbogbo ìkókó ní atropine kí irin tó kàn wọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Dókítà Akunilóorun, ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ · 11:05 alẹ́

Mo mọ̀, Màmá, mi ò sì bá yín jà. Nígbà náà, òórùn gáàsì àtijọ́ àti suxamethonium ló jẹ́ kó pọn dandan. Lónìí, mo máa ń fún un tí ìdí bá wà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀dọ́ tó rí i tí ọkàn ìkókó ń falẹ̀, tó sáré mú atropine, tí kò wo ọ́síjìn. Nínú mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ọ́síjìn ló ti tán. Ìkókó ń jẹ ọ́síjìn ní ìlọ́po méjì ohun tí àgbàlagbà ń jẹ tí a bá fi kílò wọ̀n ọ́n, kò sì ní àpò ńlá tó fi ń pa á mọ́. Yọ irin, fún un ní ọ́síjìn pẹ̀lú ìbòmú, lẹ́yìn náà kí o tó ronú sí abẹ́rẹ́. Tó bá sì lọ sísàlẹ̀ 60 tí ara ń funfun láìka ọ́síjìn sí, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà, pe ìrànlọ́wọ́.

Màmá Tíátà, Ìgbógbó · 11:09 alẹ́

Ọ̀rọ̀ yẹn, mo gbà á. Ọ́síjìn ni àkọ́kọ́.

Apòògùn Àgbówà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fa lidocaine tí Dókítà dárúkọ, ẹ ka ara ìgò. Èyí tó wà fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ni èyí tí kò ní adrenaline nínú. Ti àwọn dókítà eyín sábà máa ń ní adrenaline, ìgò méjèèjì sì lè jọra. Ẹ̀yin ń gbìyànjú láti dín adrenaline kù lára ọmọ, ẹ ò ní fọwọ́ ara yín dà á sí i. Mo rí ìgò méjèèjì nínú àwo kan náà rí, láìní lébẹ́ẹ̀lì lára sírínjì. Ẹ fi téèpù funfun lẹ gbogbo sírínjì, ẹ kọ orúkọ àti iye sí i.

Suxamethonium náà, inú fíríìjì ni ilé rẹ̀, 2 sí 8. Ẹ̀yin tí iná kì í dúró lọ́dọ̀ yín, ẹ má fọkàn tán èyí tó ti sùn lórí kọ́ńtà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Tí oògùn tó ń dẹ iṣan kò bá ṣiṣẹ́ tán, ọ̀fun máa le, ẹ máa fi agbára wọlé, ara ọmọ máa jà.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù, Ìmọ̀tà · 7:35 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì tíátà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ látọ̀dọ̀ tiwa ní wọ́ọ̀dù, nítorí pé ìjayà yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Wọ́n á sọ fún ìyá pé "kó má jẹ nǹkan kan láti aago mẹ́jọ alẹ́". Ìyá á gbọ́ràn, kò ní fún un ní omi pàápàá. Wọ́n á fi ọmọ sí ẹ̀yìn lórí ìwé iṣẹ́ abẹ, aago méjì ọ̀sán ló máa kàn án. Wákàtí méjìdínlógún! Ètè á gbẹ, ọmọ á sunkún títí ohùn á fi há, ọkàn rẹ̀ á ti wà ní 140 kó tó rí ojú Nọ́ọ̀sì akunilóorun. Ẹ wá ń béèrè ohun tó mú un gòkè.

Òfin tó wà nílẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ àti wàrà agolo, wákàtí mẹ́fà. Ọmú ìyá, mẹ́rin. Omi lásán, méjì. Láti 2018 ni àwọn ẹgbẹ́ akunilóorun ọmọdé ní Yúróòpù tilẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ tí ara rẹ̀ le mu omi títí di wákàtí kan ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn ìyá: ògì kì í ṣe omi. Bó ti wù kí ẹ pò ó ṣàn tó, oúnjẹ ni. Tíì tí wàrà wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ni. Omi lásán tàbí omi ṣúgà tí ẹ lè rí ìsàlẹ̀ ife nínú rẹ̀, ìyẹn ni omi. Tí ọmọ bá jẹ nǹkan níkọ̀kọ̀, ẹ sọ ọ́, a ò ní bínú. Èyí tó bá fara pamọ́ nínú ikùn lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ọmọ.

Lọ́dọ̀ wa, mo ti bẹ àwọn dókítà pé kí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe ti àwọn ọmọdé láàárọ̀. A tún máa ń béèrè ọjọ́ Orò kí a tó dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, nítorí ọdún kan, ìyá ọmọ ò lè jáde nílé, bàbá nìkan ló gbé e wá, ọmọ náà ò sì mọ ọwọ́ ẹlòmíì ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Ẹkún ọjọ́ yẹn kò ṣeé gbọ́ sétí.

Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù gan-an, midazolam, oògùn tó ń fini lọ́kàn balẹ̀, ní ẹnu, ìdajì mílígíráàmù fún kílò kan, ìdajì wákàtí ṣáájú, tó bá wà tí akunilóorun sì fọwọ́ sí i. Ó korò. A máa ń pò ó mọ́ omi ṣúgà díẹ̀. Níbi tí kò sí, ẹ jẹ́ kí ìyá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, kí ó sì mú nǹkan tirẹ̀ dání. Ọmọbìnrin kan wà tó di etí ìró ìyá rẹ̀ mú, aṣọ àdìrẹ tó ti ṣá. Nọ́ọ̀sì tíátà fẹ́ gbà á, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó fi etí aṣọ yẹn bo imú, ó ń fà òórùn rẹ̀ símú, wọ́n gbé ìbòmú gáàsì lé e lórí aṣọ náà jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n ń fà á kúrò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Kò sunkún rárá. Ìgbà tó jí, wọ́n ti padà fi í sí i lọ́wọ́.

Bàbá Ẹ̀rọ, Òdógùnyàn · 8:20 àárọ̀

Èmi ni mò ń tún mọ́nítọ̀ ṣe. Kí ẹ tó gba nọ́ńbà ìfúnpá gbọ́, ẹ wo aṣọ tí ẹ wé mọ́ apá ọmọ. Tó bá kéré fún apá, nọ́ńbà á gòkè lásán. Tó bá tóbi jù, á rẹlẹ̀. Ti àgbàlagbà tí ẹ ká po mọ́ apá ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè sọ òtítọ́. Kí ẹ sì tan iná laryngoscope wò kí ọmọ tó sùn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bátìrì tó ń kú ló ń mú kí irin pẹ́ lẹ́nu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akunilóorun · 10:15 àárọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mi ni pé fún ìpá, kí ló dé tí a fi ń ki túùbù rárá? Ṣé LMA, ìbòmú kékeré tí a ń gbé sínú ọ̀fun, kò tó ni? Mo kà pé Archie Brain ló ṣe é ní London ní 1981 nítorí irú èyí.

Dókítà Akunilóorun, ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ · 10:49 àárọ̀

Ìbéèrè gidi ni. LMA máa ń jókòó lókè gògóńgò, kò wọ inú kòmóòkun, a kì í sì fi irin gbé ahọ́n láti fi í sí i. Ìjayà rẹ̀ kéré sí ti túùbù. Fún ọmọ tí inú rẹ̀ ṣófo, tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò pẹ́, èmi náà á yan LMA. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n ọmọ náà. Kílò mẹ́rìndínlógún, nọ́ńbà 2. Ìpá tó ti há, tí ọmọ ń bì, ìyẹn kì í ṣe ti LMA. Túùbù ni, ìjayà tàbí kò sí ìjayà, nítorí ohun inú ikùn.

Ní ti túùbù tó gbà ọ̀nà rẹ̀: ọjọ́ orí, ẹ fi 4 pín in, ẹ fi 4 kún un fún èyí tí kò ní bàlúù, rọ́bà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí lára túùbù. Èyí tó ní bàlúù, 3.5 ni kí ẹ fi kún un. Ọmọ ọdún mẹ́rin, 5 tàbí 4.5. Ẹ mú ìdajì sókè àti ìdajì sísàlẹ̀ sí i lọ́wọ́. Túùbù tó fún mọ́ ọn ń mú kí inú ọ̀fun wú, á sì di ọ̀rọ̀ ìmí tó ń dún lẹ́yìn tó bá jí.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ kan sí i nítorí Ìyá Àríkẹ́, tó béèrè bóyá ọmọ ń jẹ̀rora. Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà gbà pé ìkókó kò mọ ìrora tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé pẹ̀lú oògùn tó dẹ iṣan àti gáàsì díẹ̀. Ní 1987 ni Kanwaljeet Anand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fentanyl kún un fún apá kan lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì wọn ohun tó ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn tí kò gba fentanyl, ara wọn jà ju ti àwọn tó gbà á lọ, ìṣòro wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sì pọ̀ jù. Látìgbà náà ni ìṣe ti ń yí padà. Ní 2010, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkókó tí a fẹ́ ki túùbù sí lọ́fun, bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, kó kọ́kọ́ gba oògùn. Nítorí náà ni inú mi fi dùn sí ìbéèrè Nọ́ọ̀sì Sábó. Ẹni tó ń wo 171 tó sì ń ronú, ọmọ náà ló ń gbọ́.

Ìyá Àríkẹ́ · 12:30 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ìyá ọkọ mi ní kí n lọ bá bàbá kan tó máa ń gé bèlúbèlú nílé, pé kò ní sí ọ̀rọ̀ túùbù kankan níbẹ̀. Àríkẹ́ máa ń hanrun gan-an, nígbà míì èémí rẹ̀ á dá, á tún fò padà. Kí ni kí n ṣe?

Màmá Tíátà, Ìgbógbó · 12:44 ọ̀sán

Ìyá Àríkẹ́, mo fi orúkọ ìyá tó bí mi bẹ̀ yín, ẹ má gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹran kékeré tó sọ kọ́ láàárín ọ̀fun ni wọ́n ń gé níbẹ̀, òun kọ́ ló ń mú un hanrun. Ohun tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun àti lẹ́yìn imú ló ń dí èémí. Mo ti gba ọmọ tí wọ́n gé báyìí, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, láàárín òru, tí a wá ń ki túùbù sínú ọ̀fun tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Ìjayà wo ló tún ju ìyẹn lọ, fún ọmọ àti fún àwa? Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá ìyá ọkọ yín sọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, màá pè wọ́n.

Dókítà Akunilóorun, ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ · 1:10 ọ̀sán

Kí ẹ sọ fún akunilóorun yín pé èémí rẹ̀ máa ń dá lójú oorun. Ẹ má fi sílẹ̀ pé wọ́n á mọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, fentanyl díẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ bíi púpọ̀, a ó dín in kù. Kí ẹ má sì fún un ní oògùn tó ní codeine nínú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bó ti wù kí olóògùn àdúgbò yìn ín tó. Láti 2013 ni aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà ti fi ìkìlọ̀ tó le jù sára rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bèlúbèlú fún, nítorí àwọn kan ò mí mọ́. Bó bá ní ọ̀fìnkìn tàbí ibà lọ́sẹ̀ iṣẹ́ abẹ, ẹ pe dókítà. Ọ̀fun tó ń wúkọ́ kò fẹ́ túùbù rárá, a lè sún un síwájú ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì Ìjíra, Ìkòròdú · 2:05 ọ̀sán

Mi ò rí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí a bá ń yọ túùbù. Ìjayà kan náà ló ń padà wá níbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń bọ́ sí. Ẹ fa itọ́ ọ̀fun kúrò nígbà tí oorun ṣì jinlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́ nínú oorun jíjinlẹ̀ tàbí nígbà tí ọmọ lajú, tó ń fọwọ́ wá túùbù. Àárín méjèèjì ni gògóńgò ti máa ń pa dé, tí ọmọ ń fa èémí tí nǹkan kan ò wọlé. Ẹ má sì gbé e wá bá mi kí ẹ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí túùbù wọlé. Tí mo bá mọ̀ pé ó gòkè dé 171, màá wò ó lójú yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì Sábó · 8:40 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Ọmọ ọdún mẹ́ta kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìpá náà ni, kílò mẹ́tàlá. Mo ti pe ìyá rẹ̀ pé omi ṣúgà ife kan láago mẹ́fà àárọ̀, kó sì mú aṣọ tí ọmọ fẹ́ràn dání. Mo bẹ dókítà, ó gbà kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, aago mẹ́jọ ààbọ̀. LMA nọ́ńbà 2 wà, òun ni màá lò, túùbù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi téèpù lẹ fentanyl, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pẹ̀lú báírò pupa: ÌṢẸ́JÚ MẸ́RIN. Jẹnẹrétọ̀ náà, mo ti sọ fún wọn kí wọ́n ra epo kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ajé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Túùbù 4.5 tí kò ní bàlúù ti tán lọ́dọ̀ wa, 5 nìkan ló wà. Ẹnikẹ́ni ní?

Màmá Tíátà, Ìgbógbó · 8:52 alẹ́

Mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, àti 4.0 méjì, kò tíì já lọ́ra. Rán ẹnìkan wá lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kó pè mí tó bá ti dé ibùdókọ̀, màá rán ọmọ ọmọ mi jáde sí i.